Alhaji Fóònù àti Ìpè Ọjọ́ Jímọ̀

Bàbá mi àgbà kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n máa ń pariwo ni. Ẹni tó bá bá wọn wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ sí Elephant and Castle, tí Ìsẹ́yìn wá pè wọ́n lójú ọ̀nà, kó yáa sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó bá kàn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, ojú ń tì mí, mo sá sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi Bàbá sílẹ̀ lókè bọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń kí ẹ̀gbọ́n wọn bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí ẹ̀gẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, mo ní, "Bàbá, why? Wọ́n ń gbọ́ yín now. Network ti dáa, ẹ ò need láti máa pariwo." Wọ́n jókòó, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn, wọn ò tiẹ̀ bínú pé mo já wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ara mi ṣì le ni."

Ọjọ́rú kan ni wọ́n kú, ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí àyà dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé wọ́n dàgbà, wọ́n rí ọmọ, wọ́n rí ọmọ-ọmọ, kí n má sunkún mọ́. Mo gbọ́. Mo ṣì ń sunkún. Ìtàn ìgbésí ayé wọn, wọ́n ti kà á ní mọ́ṣáláṣí, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà, nítorí náà kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kọ síbí. Ohun tí kò sí nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ kọ, àti ohun kan tí mo ṣe sí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Ìyá Ìsẹ́yìn, tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Kí Bàbá tó wá sí London, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Láyé ìgbà yẹn, o ò lè dédé pe ẹni tó wà ní Èkó. Bàbá lo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, Bàbá á wá fi okùn kan so ìwọ àti onítọ̀hún pọ̀ lójú pátákó ńlá kan tó kún fún ihò. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ débi pé títí wọ́n fi kú, bí o bá ní kí wọ́n bá ọ pe ẹnì kan, wọn á gbé ọwọ́ sókè, wọn á ní, "Dúró o, mò ń so yín pọ̀." Wọ́n ní ọ̀gá wọn níbẹ̀ kò kọ́ wọn ní nǹkan púpọ̀, òfin kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́. Bàbá máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìka lókè: "Ẹni tó ń so ènìyàn pọ̀ kò gbọdọ̀ parọ́ nípa ìlà."

Ní Rye Lane ní Peckham ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ìpè wọn sí, láàárín alápatà kan àti obìnrin kan tó ń ta irun. Yàrá onígíláàsì kéékèèké márùn-ún ló wà níbẹ̀, fóònù kan àti àga kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aago méjì lára ògiri, ọ̀kan fún London, ọ̀kan fún Nàìjíríà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìlú òyìnbó, aago méjèèjì máa ń bára mu, inú Bàbá á sì máa dùn bí ẹni pé wọ́n ti fa ìlú méjèèjì súnmọ́ra. Tí òtútù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gun àga lọ dá aago London padà sẹ́yìn, wọ́n á máa kùn títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Alhaji Fóònù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá fóònù láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ègé ìwé àti báírò wà lórí kàńtà fún ìyẹn. Wọ́n mọ àwa Yorùbá dáadáa. Ẹni tó ra káàdì tí wọ́n fi ń pe ilé á kí bàbá, á kí ìyá, á béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà, á béèrè alábàágbé àti ewúrẹ́ alábàágbé, nígbà tó bá sì fi máa dórí pé òun ti rí ìwé ìgbélùú gbà, ohùn obìnrin tó ń ka ìṣẹ́jú káàdì á ti ní ó ku ìṣẹ́jú kan. Àwọn ènìyàn máa ń bínú. Mo rántí obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé àwọn arúgbó, tó ní, "Alhaji, ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́, I'm late for my shift." Bàbá kàn ti ìwé náà sí i lọ́wọ́. Obìnrin náà di báírò mú, ó dúró, ó dúró, ó wá kọ ọ̀rọ̀ méjì péré, ojú rẹ̀ sì kún fún omi kó tó wọ yàrá kejì. Mo yọjú wo ìwé náà nígbà tó lọ tán: "Mo lóyún." Ohun tí Bàbá bi í kó tó kọ ọ́ náà ni wọ́n máa ń bi gbogbo ènìyàn: "Tí ìlà bá já lójijì, kí lo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́?"

Mi ò ní purọ́ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Aláríwísí ni Bàbá. Wọn ò fẹ́ràn ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù tuntun yìí. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn nígbà tí mo yege ní yunifásítì, mo sunkún, mo dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n pè mí padà lọ́gán, wọ́n ní kí n tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ voice note yẹn ni?" Wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mò ń bi ọ́ ní ìbéèrè, o ò dá mi lóhùn."

Ìjà wọn tó gbóná jù lọ, àwọn àti Uncle Múrí ni, àbúrò bàbá mi. Uncle ni alákòóso gúrúùpù ẹbí orí fóònù. Ìbátan wa kan kú ní Ọ̀yọ́, Uncle sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí gúrúùpù pẹ̀lú àbẹ́là méjì, kí ẹnikẹ́ni tó pe Bàbá. Inú ilé ìtajà ni Bàbá wà, wọ́n di agolo tòmátì mú, wọ́n sì ṣí fóònù láti wo ohun tó dún. Nígbà tí Uncle wá sílé lọ́jọ́ kejì, Bàbá ò dáhùn ìkíni. Wọ́n ní, "O fi òkú ránṣẹ́ sí mi bí ìwé owó iná." Uncle ní, "Daddy, it's just so that everybody will know at once. Ó yá ju kí n máa pe ogún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan." Gbogbo ààwẹ̀ ọdún yẹn ni Bàbá ò fi bá a sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi í kí wọ́n tó wọ yàrá lọ ni, "Ta ló ń lé ọ, Múrí?"

Kò yé Uncle pé nǹkan kan wà lẹ́yìn ìbínú yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n, nítorí pé mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mò ń jẹ bisikíìtì lẹ́yìn kàńtà. Fóònù orí kàńtà dún láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹbí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Tájù ni, oníbàárà Bàbá tó ń gbé ní Stockwell. Ìyá rẹ̀ ti kú láàárọ̀, wọ́n máa sin ín ní aago márùn-ún. Wọ́n bẹ Bàbá pé kí wọ́n má jẹ́ kó gbọ́ lórí fóònù, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn sin ín tán ná, kí Bàbá wá lọ sọ fún un nílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù. Bàbá gbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, àánú ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Kò tó wákàtí kan, Tájù fúnra rẹ̀ wọlé. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, ó ń fi ìwé náà han Bàbá tẹ̀rín-tẹ̀rín pé òun ti ń gbọ́ràn báyìí. Bàbá ní àwọn á bá a tẹ nọ́ńbà náà. Mo ń wo ìka wọn. Méjì ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé Tájù, mẹ́rin ni Bàbá tẹ̀. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kò wọlé. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tájù ní, "No worries, Alhaji. Ẹ jẹ́ kí n ra ẹran lọ, màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ká ìwé rẹ̀ sí àpò, ó kí mi, ó jáde.

Ọjọ́ kẹta ni Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n lọ sí Stockwell. Èyí tó kù, àwọn ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dàgbà. Wọ́n jẹun tán kí wọ́n tó sọ ọ́. Tájù ò ké. Ó béèrè ọjọ́, ó béèrè aago, ó wá ní, "Nígbà tí mo dúró níwájú yín, wọn ò tíì sin ín?" Bàbá ní wọn ò tíì sin ín. Tájù dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó dúró tì í títí wọ́n fi jáde. Kò tẹ Rye Lane nítorí Bàbá mọ́. Ọdún kì í kọjá kí Bàbá má pè é nígbà Iléyá, kò gbé e rí. Bàbá ń nu ojú wọn nígbà tí wọ́n sọ èyí tó gbẹ̀yìn fún mi: "Ìlà wà lọ́wọ́ mi, mo sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kò sí ìlà."

Láti ìgbà náà, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe é padà. Tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á lọ bá ọ níbikíbi tí o bá wà, wọ́n á jókòó tì ọ́, wọ́n á sọ fún ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú ọ wá sí Rye Lane, wọ́n á pe ilé, wọ́n á ní kí ẹnì kan níbẹ̀ gbé fóònù súnmọ́ lèmọ́mù, wọ́n á sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ti gbọ́ ìró erùpẹ̀ sàréè Ìwó ní Peckham. Wọ́n ṣe é fún Mùsùlùmí, wọ́n ṣe é fún Kìrìsìtẹ́nì. Obìnrin aláṣọ funfun kan wà tí bàbá rẹ̀ kú ní Ìkàrẹ́, orin ìjọ rẹ̀ ló ń jáde nínú fóònù fún odindi wákàtí kan, Bàbá sì dúró tì í ní gbogbo àkókò náà, fìlà wọn lọ́wọ́. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa lọ jókòó, pé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò kàn wọ́n. Wọ́n ní, "Orin ò kàn mí. Mi ò kàn fẹ́ kí o dá nìkan gbọ́ ọ ni."

Ṣọ́ọ̀bù náà kú nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ní fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó kù fún Bàbá ni ìpè ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá Ìsẹ́yìn ló máa ń pè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni, ó ti lé láàádọ́rùn-ún ọdún, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn, ọdún mọ́kànlá sì ni wọn ò fojú kan ara wọn. Bàbá máa ń jókòó dè wọ́n lórí bẹ́ǹṣì kan ní pápá Peckham Rye bí òjò ò bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò ju ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n lọ, àti ẹja kan tí ẹnì kan nínú wọn jẹ nígbà èwe tí wọn ò fẹnu kò lórí rẹ̀ títí Bàbá fi kú. Nígbà tí mo kọ́ wọn ní fídíò, Bàbá ṣì ń gbé e mọ́ etí síbẹ̀. Ohùn Ìyá á máa jáde: "Làsísì, etí nìkan ni mò ń wò láti àná, níbo lo gbé ojú rẹ sí?"

Ní alẹ́ Ọjọ́rú tí wọ́n kú, gbogbo wa kó ara jọ sí pálọ̀ wọn. Uncle Múrí ló ń sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ọmọ Ìyá tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní Ìsẹ́yìn, wà lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń jáde lórí tábìlì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsìnkú. Uncle ní, "Nobody should tell Ìyá. Ẹ jẹ́ kó di àdúrà ọjọ́ kẹjọ ná." Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ní òun fara mọ́ ọn. Mo ní, "Uncle, Bàbá ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀." Uncle yíjú sí mi, ojú wọn ti wú fún ẹkún. Wọ́n ní, "Sìdí, BP wọn ga. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, ṣé ìwọ lo máa gbé e?" Mo kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná. Mo ní ọjọ́ méjì gbáko láti pe Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ní èmi nìkan, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó pe àwọn àgbààgbà wá jókòó ti ìyá rẹ̀. Mo lo ọjọ́ méjèèjì fún wíwá ìwé ìsìnkú àti fífọ abọ́.

Ọwọ́ mi ni fóònù Bàbá wà lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí pé èmi nìkan ló mọ nọ́ńbà tó ń ṣí i. A ti kírun sí wọn lára tán, a ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí itẹ́ òkú, ọkọ̀ dúdú tó gbé wọn sì wà níwájú wa gan-an. Fóònù dún. Ìyá ni. Uncle tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n mi orí sí mi pé kí n má sọ. Mo gbé e.

"Àsàlámù àlékún, ọmọ mi. Bàbá rẹ dà?"

"Wọ́n ń sùn, Ìyá."

"Lẹ́yìn Jímọ̀? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni."

"Ó ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun."

"Kí ló jẹ?"

Ọkọ̀ dúdú náà ń yà sí ọwọ́ òsì. Mo ní, "Mọ́ín-mọ́ín."

"Ó dáa. Tó bá jí, sọ fún un pé káfíńtà ti gbé ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá rẹ̀. Kó wá wò ó kí òjò tó bà á jẹ́."

Mo ní màá sọ fún wọn. Mo ní ìlà ò dáa, mi ò gbọ́ wọn mọ́. Ìlà náà mọ́ kedere, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo pa á. A sin Bàbá láàárín ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, fóònù náà sì wà nínú àpò mi, iná rẹ̀ kún.

Ọjọ́ kẹjọ ni àwọn àgbààgbà wọlé lọ bá Ìyá ní Ìsẹ́yìn. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n. BP wọn ò gbé wọn lọ. Ìyá ní kí wọ́n bá àwọn pè mí.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

"Ọjọ́rú, Ìyá."

"Ọjọ́ wo ni ẹ sin ín?"

"Jímọ̀."

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Nígbà tí mo pè, ẹ ti sin ín?"

"Rárá, Ìyá. A wà lọ́nà."

Ohùn wọn ò ga, wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn mi ni Làsísì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n títí ó fi lè rìn. O sọ fún mi pé ó jẹ mọ́ín-mọ́ín." Wọ́n pa fóònù, ohun tí wọn ò ṣe rí.

Mo pe Uncle Múrí, mo pariwo mọ́ wọn bí mi ò ṣe pariwo mọ́ àgbà rí. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, "Sìdí, I thought I was sparing her." Mo mọ̀. Bí Bàbá náà ṣe rò ó lórí ọ̀rọ̀ Tájù nìyẹn, ṣùgbọ́n Bàbá ṣe é kí wọ́n tó mọ̀. Èmi ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ fún mi.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, fóònù Bàbá dún lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́. Mo sáré gbé e jáde sí ìdí àtẹ̀gùn.

"Sìdí, ìwọ lo gbé e?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí—"

"Di fóònù náà mú. Má dá mi lóhùn. Àbúrò mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ ò jẹ́ kí n bá a sọ ọ́ nígbà tó yẹ."

Mo dì í mú. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì pa á láìkí mi. Bí a ti ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gé nọ́ńbà Bàbá, mo sì ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò lè ṣe ìpàdé kankan lọ́sàn-án Jímọ̀. Ìyá á sọ nípa ẹsẹ̀ wọn, nípa Ràfíù tí kì í tètè wọlé, nípa ìyá wọn, nípa odò kan tí Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá lọ lọ́mọdé, tí Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Èmi á gbé e mọ́ etí, màá jókòó lórí àtẹ̀gùn, mi ò ní mí sókè.

Jímọ̀ tó kọjá yìí, wọ́n dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, "Làsísì, o ò bínú sí mi, àbí? Mi ò mọ̀ ni. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní jẹ́ kí o dá lọ."

Wọ́n ń dúró de èsì. Mo fi ọwọ́ kan bo ẹnu mi, mo fi èkejì di fóònù mú.